Ojú Ìbọn Tí Ìyá Rẹ Fi Sílẹ̀

Ilé Kejì sí Ṣọ́ọ̀ṣì,
Low Birkrigg,
Yorkshire.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta.

Bryony, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí Magnus ọkọ rẹ. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá yín lórí ìdúró, àti pé òtútù Kánádà kò tíì gbé yín mì. Tèmi ń lọ bó ṣe ń lọ. Orúnkún òsì ń sọ fún mi kí òjò tó dé, etí ọ̀tún ti kọ̀ kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, àmọ́ mò ń jẹun, mo sì ń dá iná ilé fúnra mi. O bi mí lórí fóònù lọ́jọ́sí bóyá mò ń jáde láàárín èèyàn, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa fún ọ. O mọ̀ mí, ọ̀rọ̀ kì í jáde lẹ́nu mi lórí fóònù, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ ní oṣù kọkànlá, ilé yìí dákẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Bẹ́ẹ̀dì wa gbòòrò, àmọ́ etí rẹ̀ ni mo ṣì ń sùn sí bí àlejò. Mo lè lo ọjọ́ mẹ́rin láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àfi ajá Pickersgill, òun náà kì í sì í dúró pẹ́. Ìdánìkanwà burú, ọmọ mi. N kò mọ̀ pé ó burú tó bẹ́ẹ̀, nítorí n kò dá wà rí.

Ọ̀rọ̀ ìbọn ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O mọ ìbọn náà, ìbọn ọta kékeré tí bàbá ìyá rẹ jogún, tí wọ́n ṣe kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó bẹ́ sílẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni èmi àti ìyá rẹ fi yin ìbọn kan ṣoṣo yẹn ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ní ilé páànù ẹgbẹ́ ayìnbọn wa tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ló máa ń kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ yìn. Bó bá yin ọta mẹ́wàá tirẹ̀ tán, á dìde lórí ẹní, á yí ìdè kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí a ń fi ojú wò, á máa dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, títí yóò fi bá ojú tèmi mu, nítorí ojú èèyàn méjì kì í ríran bákan náà. Á wá gbá mi léjìká, á ní, "Ó yá, arúgbó, tìrẹ ti délẹ̀." Bí èmi náà bá yìn tán, òun kan náà ni yóò yí i padà sí tirẹ̀, á nù ún, á dì í sínú àpò. Mi ò ka iye ìgbà tó ń dún yẹn rí láyé mi. Kí ni mo fẹ́ kà á fún? Ìyàwó mi mọ̀ ọ́n.

Ojú tirẹ̀ ni ìbọn náà wà títí ó fi kú. Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn tó lágbára láti dé ilé páànù, ó yí i padà, ó nù ún, ó dì í. Láti ọjọ́ yẹn n kò jẹ́ kí ọwọ́ mi kan ìdè náà. Ní oṣù kìíní mo gbé ìbọn lọ, mo yìn ín bó ṣe wà, mo ń fojú sun ẹ̀gbẹ́ kí ọta lè bọ́ sí àárín. Ẹ̀tàn lásán. Káàdì tí mo yìn sí dà bí ohun tí eku jẹ. Clifford Raine tó ń sin àgùntàn wò ó, ó fi ọ̀pá tì mí nídìí, ó ní, "Amos, káàdì lò ń yìn ni àbí àgùntàn mi? Sọ fún mi kí n lè lọ kó wọn wọlé." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo gbalé lọ, n kò sì tún padà síbẹ̀ títí oṣù kejì fi parí.

Pickersgill wá bá mi nílé. O mọ̀ pé òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Ó jókòó sí ilé ìdáná, ó ń yí fìlà lọ́wọ́, ó ní, "Amos, mi ò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu o, àmọ́ àwọn ọlọ́pàá á bi mí léèrè bóyá ò ń yìnbọn. Ẹni tí kì í yìn, wọn kì í jẹ́ kó tọ́jú ìbọn sílé. Ìdíje àwọn ìbọn àtijọ́ ń bọ̀ ní Sátidé. Yin mẹ́wàá péré, kí n lè fi ọkàn tó mọ́ buwọ́ lu ìwé àṣẹ ìbọn rẹ." Bí wọ́n bá gba ìbọn yẹn lọ, ẹni tó bá rà á máa yí ìdè náà kó tó délé rẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́, n ó wá.

O lè ní kí ló dé tí bàbá ò kàn yí i, kó ka iye rẹ̀, kó sì yí i padà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, Bryony, n kò tíì ya òmùgọ̀ pátápátá. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bí ìdè yẹn kò bá tíì yí, ó ń ṣe mí bíi pé ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ẹní ni, ó ń nu awò ojú rẹ̀, kò ní pẹ́ dé. Bí mo bá fi ọwọ́ ara mi yí i, a jẹ́ pé mo ti gbà pé kò bọ̀ mọ́. Ohun tó dá mi dúró nìyẹn. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Sátidé pé. O rántí òfin wa, pé ìbọn gbọ́dọ̀ dàgbà ju ẹni tó ń yìn ín lọ. Clifford ti pé ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún báyìí, ó sì ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà pé bí òun bá tún lo ọdún díẹ̀ láyé, kí Pickersgill lọ wá ìbọn tí Nóà gbé wọ ọkọ̀ wá fún òun. Iná èédú ń jó, èéfín ń yọ wá lójú, ìyàwó Clifford ń gé páì. Èèyàn méjì-méjì, ìbọn kan fún méjì, ọta mẹ́wàá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ro káàdì méjèèjì pọ̀. Odidi itan ẹlẹ́dẹ̀ kan tí wọ́n ti fi iyọ̀ sí ni ẹ̀bùn, ó rọ̀ sórí ìṣó bó ṣe máa ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dọọdún.

Pickersgill fi mí pọ̀ mọ́ Freda Metcalfe. O ò mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ni nọ́ọ̀sì tó ń wá wẹ ìyá rẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn, obìnrin tí kò lariwo, tí ọwọ́ rẹ̀ gbóná. Ọdún méjì ló ti ń kọ́ ìbọn yíyìn, kò sì tíì gba ẹ̀bùn kankan rí. Ó sọ fún mi ní gbangba pé, "Ọ̀gbẹ́ni Dinsdale, mo fẹ́ gbé ẹran yẹn lọ sílé lónìí o. Mo ti sọ fún màmá mi pé kó má ra ẹran ọdún Àjíǹde." Mo ní Ọlọ́run á ṣe é. N kò sọ nǹkan kan fún un nípa ojú ìbọn.

Òun ló kọ́kọ́ dùbúlẹ̀, níbi tí ìyá rẹ máa ń wà. Ó yin ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ gan-an, àmọ́ gbogbo ọta ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ibì kan náà lára ojú dúdú kọ̀ọ̀kan tó wà lórí káàdì. Ó gbórí sókè, ó ní, "Ojú yìí kò bá mi mu, ẹ jẹ́ kí n yí i díẹ̀," ó sì na ọwọ́ sí ìdè. Mi ò mọ ìgbà tí mo ké. Mo ní, "Má fọwọ́ kàn án!" Ariwo yẹn kọjá ti ìbọn. Clifford fi páì sẹ́nu, kò jẹ ẹ́. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Freda wò mí lójú. Kò bi mí pé kí ló dé. Ó dùbúlẹ̀ padà, ó yin méje tó kù bí ojú ìbọn ṣe wà, ó mọ̀ dájú pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ba ìdíje òun jẹ́, kò sì fojú sun ẹ̀gbẹ́ láti tàn án jẹ. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló gbà nínú ọgọ́rùn-ún. Bryony, obìnrin yẹn sọ itan ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ nù nítorí mi, kò sì mọ ìdí rẹ̀ rárá.

Nígbà tó dìde, mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní ìyá rẹ ló máa ń yí i fún mi, n kò yí i rí. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Ṣé ẹ̀ ń retí wọn ni?" Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń bi ìyá rẹ pé ṣé omi yìí kò gbóná jù. Bẹ́ẹ̀ ni, mò ń retí rẹ̀. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń retí rẹ̀. Freda di apá mi mú, ó ní, "Èmi ni mo pa ojú wọn dé, Ọ̀gbẹ́ni Dinsdale. Wọn ò bọ̀. Ẹ lọ yin tiyín."

Mo dùbúlẹ̀. Orúnkún mi ń pariwo. Mo gbé ìka lé ìdè náà, ó tutù. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Wọn ò fojú wo inú ihò ìbọn rí ni. Pickersgill rí mi, ó sọ fún gbogbo ilé pé kí wọ́n tún iná dá ná, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í da èédú sí ohun tó ti ń jó dáadáa tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ojú mi gbẹ, mo yí i sósì. Kẹ́. Mo dúró. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo yí i lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, mo yin ọta ìdánwò kan, ó ṣì wà lọ́tùn-ún. Ẹ̀karùn-ún, ẹ̀kẹfà. Nígbà tó dún lẹ́ẹ̀keje, mo tún yin ọta ìdánwò, ó bọ́ sí àárín gan-an. Méje ni. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ẹ̀ẹ̀meje ní àlọ àti ẹ̀ẹ̀meje ní àbọ̀, gbogbo alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìyá rẹ kò sì fìgbà kan sọ pé ó rẹ òun.

Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni mo gbà. Kò ràn wá lọ́wọ́, ipò kẹta láti ìsàlẹ̀ la wà. Clifford àti ìyàwó rẹ̀ ló gbé ẹran. Ó gbé e kọjá níwájú Freda, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, má wulẹ̀ bínú, iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ jù fún ẹ̀jẹ̀ ríru." Freda ní, "Ẹ̀jẹ̀ ríru ta ni, bàbá? Ẹ̀yin tí mo wọn tiyín ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun?" Ẹ̀rín bẹ́. Pickersgill buwọ́ lu ìwé mi. Mo rìn wálé nìkan pẹ̀lú ìbọn léjìká.

Mo nù ún bí ìyá rẹ ṣe máa ń nù ún. Nígbà tí mo parí, ọwọ́ mi lọ síbi ìdè láti dá a padà sí tirẹ̀, mo wá bi ara mi pé fún ta ni. Mo sunkún níbẹ̀, mo sunkún gan-an, kò sí ẹni tó gbọ́. Mo fi í sílẹ̀ ní ojú tèmi, mo dì í. Freda ní kí n wá ní Ọjọ́bọ̀. Ó ṣeé ṣe kí n lọ.

Ọmọ mi, Ọlọ́run yóò pa ìwọ àti ọkọ rẹ mọ́ fún ara yín. Ẹ ó jùmọ̀ dàgbà, ẹ ó jùmọ̀ gbó. Ohun tí ẹnìkejì ń ṣe fún ọ lójoojúmọ́, Ọlọ́run á jẹ́ kí o rí i nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì là. Àláàfíà kò ní jìnnà sí ilé yín.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Amos Dinsdale.

Ohun tó kù: Ojú ìyá rẹ lo gbé wá sáyé, dókítà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí o gba awò àkọ́kọ́. Bí ẹ bá lè rí àyè wálé lọ́dún yìí, kódà fún ọ̀sẹ̀ kan péré, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ yìn. Méje ni, sọ́tùn-ún. Èmi ni n ó yí i fún ọ.