Ìbéèrè Mẹ́rin Tí Wọ́n Bi Mí Lójú Ogun

Adétáyọ̀ ọmọ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Màídúgùrì? Ìyá rẹ àti gbogbo ilé kí ọ. Kòkó wa ti gbẹ. Orúnkún mi nìkan ni kò jẹ́ kí n gun Òkè Ìdànrè mọ́.

O ní ìwọ ló ń bi àwọn tí ẹ mú lójú ogun ní ìbéèrè. Wọ́n mú èmi náà nígbà ogun abẹ́lé, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà, táwọn ará Biafra sì mú mi. Ọ̀gá wọn béèrè orúkọ, ipò, nọ́ńbà ológun àti ọjọ́ ìbí mi. Mi ò mọ ọjọ́ ìbí mi! Mo dáhùn pé, "Ọdún tí kòkó bàbá mi kọ́kọ́ so ni." Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó fún mi lómi. Kò sẹ́ni tó nà mí.

Mo rò pé àánú rẹ̀ lásán ni, àfìgbà tí Stephanie ẹ̀gbọ́n rẹ, lọ́yà wa, sọ fún mi lánàá pé òfin ogun àgbáyé ni: ẹni tí wọ́n mú lógun kò gbọdọ̀ jìyà nítorí pé kò dáhùn ju mẹ́rin yẹn lọ. Háà! Àwọn tí kò mọ̀ mí rí ló jókòó ṣòfin nítorí mi!

Kí Ọlọ́run tó yọ mí mú ọ délé. Mo bẹ̀ ọ́, kí o tó bi wọ́n ní ohunkóhun, fún wọn lómi.

Bàbá rẹ àgbà,
Akínlẹ́yẹ