Ẹni Tí Yóò Máa Tọ́ Erùpẹ̀ Wò ní Ilé Patne

Èmi, Revanasiddappa Kashinath Patne, ará Bidar, oníṣẹ́ àwo dúdú tí a tẹ́ fàdákà sí lára, ni mo ń sọ èyí. Orí mi pé, ẹnikẹ́ni kò sì tì mí sí i. Mo ṣì ń fín àwo láìwo awò ojú; ẹni tó bá ní mo ti ń ṣarán, kó gbé tirẹ̀ wá ká fi wéra. Shivayya Mathpati, àlùfáà wa, ni kó mú ọ̀rọ̀ mi ṣẹ.

1. Ilé tí mò ń gbé di ti Chandrakant, ọmọkùnrin mi, àti Mahananda, àbúrò rẹ̀ obìnrin. Kí ẹnikẹ́ni má mọ ògiri sáàárín rẹ̀. Kasturi, ìyá wọn, ló fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́ ilẹ̀ ilé náà. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn títí dòní, ẹ jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀.

2. Ewúrẹ́ mi di ti Ghouse Pasha, aládùúgbò mi. Ó ti pẹ́ tí ewúrẹ́ náà ti ń jẹ òdòdó rẹ̀, tí òun Ghouse sì ń tìtorí ẹ̀ bú mi. Ó yá, kó máa bú ara rẹ̀.

3. Òòlù àti gbogbo irinṣẹ́ ìfín di ti Chandrakant. Ọwọ́ rẹ̀ dára ju tèmi lọ.

4. Erùpẹ̀ tí a fi ń sọ àwo di dúdú, Mahananda ni yóò máa yàn án. Chandrakant, má fajú ro. Erùpẹ̀ inú odi àtijọ́, níbi tí oòrùn àti òjò kò dé, nìkan ló ń ṣiṣẹ́ yìí, ahọ́n la sì fi ń mọ̀ ọ́n. O lọ wa èyí tí òjò ti pa, àwo ìgbéyàwó tí àwọn ará Gulbarga ní ká ṣe sì jáde ní àwọ̀ eérú. Àbúrò rẹ tọ́ erùpẹ̀ náà wò, ó tu ú dànù, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹrẹ̀ lẹ kó wá yìí o!" Ìwọ ní, "Ta ló bi ẹ́? Lọ tọ́ ọbẹ̀ ẹ wò!" Láti ìgbà náà ẹ ò bára yín sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tó ń fín àwo ò bá ẹni tó ń sọ ọ́ di dúdú sọ̀rọ̀, àwo wo ló fẹ́ jáde níbẹ̀? Iná ilé-iṣẹ́ wa yóò kú bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló ń dùn mí, kì í ṣe ikú.

5. Ìsìnkú mi. Ní ìjókòó la máa ń sin òkú tiwa. Ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ jọ lọ wá ilẹ̀ náà. Kí kálukú yín tọ́ erùpẹ̀ rẹ̀ wò, kẹ́ ẹ sì fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì fohùn ṣọ̀kan, ẹ gbé mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́, kí àwọn oníbàárà máa kí mi. Mo lè dúró.

Ọwọ́ mi rèé, kò gbọ̀n: Revanasiddappa K. Patne
Bidar, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá, ọdún 1987

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Prabhavati Biradar, olùkọ́
Ghouse Pasha. Mo rí i tó fọwọ́ sí i. N kò tọrọ ewúrẹ́ o.