Má Tíì Wá Kó Mi Lọ sí Lẹ́kkí, Iná Ti Tàn

Hamdalah ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé ní òkè kẹta tí o wà yẹn. Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ̀rọ tó ń gbé yín gòkè, ṣé ara rẹ̀ le? Ọkàn mi kì í balẹ̀ sí i, nítorí mo kà á nínú ìwé kan pé okùn ni wọ́n fi so ó. Àwa tí a wà ní Ìgàndò ń dúpẹ́. Adìẹ funfun pa ọmọ mẹ́sàn-án, àṣá gbé méjì, ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé ti pọ́n, orúnkún mi kò sì dùn mí ju ti àná lọ.

O rántí pé nígbà ọdún Iléyá, lẹ́yìn tí o kan fọ́tò ìgboyè rẹ ńlá mọ́ ògiri pálọ̀ tán, o ní bí nǹkan kan bá tún bàjẹ́ nínú ilé yìí, o máa wá kó mi lọ sí Lẹ́kkí ni. Ọjọ́ kejì tí àwọn oníná mú iná dé, ti àjà pálọ̀ kò tàn. Mi ò sọ fún ọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń parọ́ lórí fóònù pé ilé dára, kí Ọlọ́run foríjì mí. Èmi àti ìyá rẹ la fi ọwọ́ wa po sìmẹ́ǹtì ilé yìí, mi ò sì tíì ṣe tán láti fi í sílẹ̀. Adìẹ wo ló sì fẹ́ wọ ẹ̀rọ agbénigòkè?

Mo wá ronú bí ọ̀mọ̀wé. Mo tú gílóòbù náà, mo gbé e lọ sí balùwẹ̀, ó tàn. Mo gbé ti balùwẹ̀ wá sí pálọ̀, kò tàn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí mi pé ara gílóòbù le, pálọ̀ ni kò fẹ́. Nígbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì: ǹjẹ́ iná lè kórìíra yàrá kan? Mo wá a nínú ìwé mẹ́ta, wọn kò mẹ́nu bà á.

Mo pe àwọn oníná. Obìnrin kan gbé e, ó ní bí mo bá fẹ́ Yorùbá kí n tẹ méjì. Mo ní kò yẹ kí n máa tẹ nǹkan nígbà tí a kò tíì kíra. Mo kí i, mo béèrè ọmọ, kò dáhùn, ó kàn ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ bí ẹni tí wọ́n dúró lé lórí. Ó wá fi orin sí i fún mi, mo gbọ́ orin náà títí owó fóònù mi fi tán. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó jọ pé wọn kì í jẹ́ kó sinmi.

Ìyá Naomi, aládùúgbò wa tó ń wọ sùtánà funfun, ní kí n tan àbẹ́là méje sí pálọ̀ kí iná lè padà. Mo bi í pé bí àbẹ́là méje bá ti ń jó, kí la tún fẹ́ fi gílóòbù ṣe? Ó ní ìbéèrè mi ti pọ̀ jù, òun ló sì ń dá iná dúró.

Ìgbà náà ni mo lọ pe Zikrullah, oníwáyà tó wà ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ó gun àkàbà, ó ti tẹ́sítà bọ ibí, ó tì í bọ ọ̀hún, ó ní kò sí iná nínú wáyà. Ó wá béèrè pé súwíìṣì rẹ̀ dà? Mo ní ti pálọ̀ kò ní súwíìṣì. Ìwọ náà kúkú mọ̀ ọ́n, láti kékeré rẹ, àwọn oníná ló ń tan án, àwọn oníná ló ń pa á. Ìyá rẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á, nítorí òun la fi ń mọ̀ pé iná ti dé, tí gbogbo ilé yóò fi hó, tí a ó sì sáré gbé áyọ́ọ̀nù.

Zikrullah rẹ́rìn-ín títí ó fi rọ̀ mọ́ àkàbà. Ó ní Bàbá Hamdalah, àbí àwọn oníná náà ló bá yín kọ́lé ni? Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ògiri kiri, ó dé ìdí fọ́tò rẹ, ó gbé e kúrò. Ọmọ mi, súwíìṣì wà níbẹ̀! Eruku ọdún gbọọrọ wà lórí rẹ̀, etí férémù rẹ sì ti tẹ̀ ẹ́ pa. Ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́, iná tàn yòò lọ́sàn-án gangan. Ó ní ẹ wò ó jàre, aṣọ ìgboyè Àǹtí ló bo ilé yín lójú.

Nítorí náà, ilé mi kò bàjẹ́. Ọwọ́ tó fẹ́ wá yọ mí nínú òkùnkùn, òun ló pa iná. A ti gbé ọ kọ́ sí ògiri òdìkejì, níbi tí iná yóò ti máa tàn sí ọ lójú. Mo sì ti fi bébà lẹ súwíìṣì náà pa, kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn án mọ́. Kí àwọn oníná máa bá iṣẹ́ wọn lọ.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Zikrullah ní ẹ̀rín tí òun rín ti tó owó iṣẹ́ fún òun, ṣùgbọ́n ẹni tó yá a ní àkàbà kò rẹ́rìn-ín. Fi ti oúnjẹ adìẹ kún un, kò kan iná, ṣùgbọ́n ó kàn mí. Ènìyàn ni kí o fi rán, má fi sí báńkì. Ẹ̀rọ tó ń pọ owó yẹn bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá èmi gan-an ni, títí èmi náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o máa tàn, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ má ṣíji bo ti ẹnikẹ́ni, kí ẹ̀rọ yín máa gbé yín gòkè láyọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Abdulganiyy, tó ṣì jẹ́ ará Ìgàndò.