Gòjé Dáhùn Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́, àdúgbò Ìgbẹ́ìn.

Ohùn gòjé yẹn kò tíì kúrò létí mi. Ọdún méje ni akọrin sákárà wa àti onígòjé rẹ̀ fi pínyà, àfi bí wọ́n ṣe jókòó pọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n lóru àná! Akọrin dá orin dúró, ó fi oríkì pe ìkejì rẹ̀: "Àkànní!" Gòjé dáhùn bí ẹni tó ń sunkún.

Láàárọ̀ yìí, ariwo àwọn aládùúgbò gba ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi.

"Akọrin ló bẹ̀ ẹ́," ni Síkírù wí.

"Irọ́ ni! Onígòjé ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín," ni Ìyá Ràṣídì fèsì.

Ẹ̀gbọ́n mi, Lásísì, sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ẹgbẹ́ olórin yẹn tú ká, akọrin ni ẹ̀gbọ́n mi gbè, èmi gbe onígòjé, a sì bú ara wa. Látìgbà náà, "Télọ̀" ni wọ́n ń pè mí, bíi oníbàárà.

Wọ́n wò mí títí. "Àjàní, ṣé o rí i?"

Ẹsẹ̀ mi dúró lórí máṣíìnì. "Mo rí i, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

Látìgbà tí ìyá wa ti kú, kò sẹ́ni tó fi oríkì Àjàní pè mí mọ́, àfi lónìí. Mo rán apá ṣẹ́ẹ̀tì kan sódì, mo tú u, mo tún rán an sódì.