Búrẹ́dì Yíyan Tí Mo Fi Du Ìyàwó Ọmọ Mi

                                                            Ilé Bàbá Dúrótoyè,
                                                            Òkè-Àró,
                                                            Àkúrẹ́.
                                                            Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta, ọdún 2024.

Fẹ̀yìntọlá, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré ní Ipogun,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá Lawrence ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn ún ti rọlẹ̀? Lawrence fúnra rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Mo gbọ́ pé ẹ tún òrùlé yín ṣe, ẹ kú làálàá. Ọ̀wọ́n gógó yìí ńkọ́, ṣé ó ń dẹwọ́ lọ́dọ̀ yín ní Oǹdó? Níbí, gàrí gan-an ti di ohun tí à ń wò lókèèrè. Ara mi le, mo dúpẹ́. Ọkàn mi ni kò le.

Fi ojú àánú wo ìkọ̀wé mi. O mọ̀ pé ìwé kẹrin ni mo kà tí bàbá mi fi ní ó tó. Babájídé ọmọ mi ní kí n fi fóònù pè ọ́, mo kọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń sọ kí wọ́n máa gbọ́ ọ ní yàrá kejì, n kò sì fẹ́ kí o gbọ́ ohùn mi bó ṣe rí báyìí. Rufus tó ń wa ọkọ̀ Àkúrẹ́ sí Oǹdó ni yóò mú lẹ́tà yìí wá fún ọ.

Bóyá o ti gbọ́ pé Bímbọ́lá, ìyàwó Babájídé, wà nílé bàbá rẹ̀, ilé Adépọ̀jù ní Òkè-Lísà, tí kò jìnnà sí yín. Bó ṣe dé ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí o gbọ́ lẹ́nu mi, kí o má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Babájídé, owó oṣù Bímbọ́lá nìkan la fi ń gbé ilé ró. Ìgbàrà-Òkè ló ti ń ṣe tíṣà, òun àti àwọn ọmọ ló sì jọ ń jáde ní kùtùkùtù. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi oúnjẹ àárọ̀ sílẹ̀ fún mi. Mo ní kò sí ọmọ ọmọ mi tí yóò fi ikùn òfìfo jáde nílé mi. Búrẹ́dì àná ni mo ń rà, èyí tó ti gan díẹ̀, mo ń fi ẹ̀wà sínú rẹ̀, mo sì ń yan án nínú ìkòkò oníyanrìn. Sáńwíìṣì ni àwọn ọmọ ń pè é. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi, orí ara mi ni mo fi rò ó. Òórùn rẹ̀ a máa jí àdúgbò. Ìyá Ọláfimíhàn, aládùúgbò wa, a yọjú lójú fèrèsé: “Màmá Babájídé, ṣé ẹ ti ṣí ilé búrẹ́dì ni?” Èmi náà a ní, “A ti ṣí i, ṣùgbọ́n a kì í tà fún ọ̀lẹ.”

Márùn-ún ni mo ń yan: ti Babájídé, ti Bímbọ́lá, ti Monílọ́lá, ti Kìtán àbúrò rẹ̀, àti tèmi. Tí mo bá fi ti Bímbọ́lá lé e lọ́wọ́, á kúnlẹ̀, á gbà á, á fi í sínú báàgì. Kò jẹ ẹ́ lójú mi rí.

Ìyá Ọláfimíhàn ló kọ́kọ́ fi í ṣe àwàdà. Ó ní àwọn ìyàwó ìwòyí, wòlíì ti kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má jẹ oúnjẹ ìyá ọkọ. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọlé, ó jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọmọ náà. Tí mo bá se ọbẹ̀, á ní inú òun kò fẹ́ ata. Tí mo bá ń dín nǹkan, á fọwọ́ bo imú, á jáde. Èmi tí mo bí mẹ́fà, Fẹ̀yìntọlá, mo wo gbogbo èyí, n kò rí oyún níbẹ̀. Ẹ̀gàn ni mo rí. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Tèmi di májèlé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mẹ́rin ni mo yan. Bímbọ́lá kúnlẹ̀, ó tẹ́wọ́, n kò fi nǹkan síbẹ̀. Mo ní, “Ìyàwó, mo ti yọ ọ́ nínú wàhálà. Oúnjẹ àjẹ́ kò ní wọ báàgì rẹ mọ́.”

Ó wò mí. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ Mà, kí ni mo ṣe?”

Mo ní kó lọ bi wòlíì rẹ̀. Ó dìde, ó mú àwọn ọmọ, wọ́n lọ. Ká ní ó bá mi jà ni, bóyá ǹ bá gbọ́ òótọ́ nínú ìjà.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi yan mẹ́rin. Babájídé bẹ̀ mí. Mo ní tó bá tún dá sí i, mẹ́ta ni màá yan. O mọ̀ mí.

Ní ọjọ́ kẹwàá, wọ́n pè wá láti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé ó ṣubú níwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Kí a tó dé ọsibítù, oyún oṣù mẹ́rin ti bàjẹ́. O mọ̀ bí àwa náà ti ń ṣe nígbà tiwa, a kì í pariwo oyún títí yóò fi yọ fúnra rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kò tó, pé ó ti pẹ́ tí kò ti jẹun dáadáa, ṣùgbọ́n òun kò lè sọ pé ohun kan ṣoṣo ló fà á. Mo di ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn mú. Kò tó ọjọ́ kan tó fi já mọ́ mi lọ́wọ́.

Nítorí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Monílọ́lá gba tirẹ̀, kò lọ. Ó ní, “Ìyá àgbà, tí Mọ́mì bá ti ọsibítù dé, ṣé ẹ máa padà yan tiwọn? Ebi ń pa wá ní ìsinmi ọ̀sán.”

Mo ní kí ló kan ìsinmi ọ̀sán yín nínú búrẹ́dì ìyá yín. Ó ní tí àwọn bá dé oríta, ìyá àwọn máa ń bu tirẹ̀ sí méjì, á fi ìlàjì sí báàgì òun, ìlàjì sí ti Kìtán, kí àwọn lè rí nǹkan jẹ nígbà tí àwọn ọmọ yòókù bá ń ra ìpápánu. Ó ní ìyá àwọn ní kí àwọn má sọ fún mi, kí n má baà rò pé oúnjẹ mi kò tó.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò mi. Ọmọ tí mo ní ó ń pè mí ní àjẹ́, àṣírí mi ló ń bò.

Babájídé kò pariwo. Ó ní, “Màmá, n kò sọ pé ẹ̀yin lẹ fà á. Ṣùgbọ́n ẹ kò fún un lóúnjẹ.” Láti ọjọ́ náà, “ẹ káàárọ̀ Mà” nìkan ló ń bá mi sọ.

Ìyá Bímbọ́lá wá láti Oǹdó láti mú un lọ tọ́jú. Mo yan ọ̀kan, mo gbé e lọ bá wọn ní ọsibítù. Ìyá náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ jẹ́ kó ṣì wà lọ́dọ̀ yín.” Bímbọ́lá kọjú sí ògiri. Ní àdúgbò wa, Ìyá Ọláfimíhàn kì í yọjú mọ́. Tí mo bá jáde, á pe àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé. Kí ni mo fẹ́ sọ? Orúkọ tí mo fi ẹnu ara mi pe ara mi ni wọ́n ń pè mí.

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Àbúrò Bímbọ́lá wọ ọkọ̀ Rufus, ó sì sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n òun kì í jẹun, pé ẹ̀kọ mímu díẹ̀ ló ń lọ lọ́fun rẹ̀. Mo fẹ́ wá. Ṣùgbọ́n tí mo bá dé ẹnu ọ̀nà yẹn, wọ́n á ní mo wá parí iṣẹ́ mi ni. Oúnjẹ mi kò lè wọ ilé Adépọ̀jù. Ìwọ ni mo ń bẹ̀, èmi Agnes tí n kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Bá mi yan án, lọ́wọ́ ara rẹ, nínú ilé rẹ.

Yanrìn odò ni kí o lò. Fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, sá a, kí o dà á sí ìsàlẹ̀ ìkòkò tó nípọn, kó ga tó ìka mẹ́ta. Gbé e ka iná èédú kó gbóná dáadáa. Se ẹ̀wà kó rọ̀, kí o lọ alùbọ́sà àti ata mọ́ ọn, ata díẹ̀ ni o. Yọ egungun ẹja ṣáwà kan, rún un mọ́ ọn, fi epo ṣíbí kan sí i. Búrẹ́dì àná ni kí o rà, tuntun á fa epo mu, á sì wó. Là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, má là á já, kí o kó ẹ̀wà náà sínú rẹ̀. Po ẹyin kan mọ́ omi díẹ̀, fi ìyẹ́ adìẹ tó mọ́ pa á lórí kó lè pọ́n. Ẹyin kan tó búrẹ́dì márùn-ún, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fà á gùn. Ṣùgbọ́n ti Bímbọ́lá, se odindi ẹyin kan sínú rẹ̀. Gbé e sórí páànù lórí yanrìn, dé e, kó èédú pípọ́n díẹ̀ sórí ọmọrí. Má ṣí i wò. Àìnísùúrù ló ń bà á jẹ́. Tí òórùn rẹ̀ bá ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ti jinná.

Gbé e lọ bí ẹni tó kàn lọ kí aláìsàn. Má dárúkọ mi. Jẹ́ kí ìyá rẹ̀ yìn ọ́, kí o gba ìyìn náà. Àmọ́ tí Bímbọ́lá fúnra rẹ̀ bá bèèrè ẹni tó kọ́ ọ, má purọ́ fún un. Ohun tí a kò sọ síra wa ti pọ̀ jù nílé yìí.

Bá mi kí Bàbá Lawrence, bá mi kí Lawrence àti ìdílé rẹ̀. Má ka lẹ́tà yìí sí wọn létí.

Rufus ń padà bọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Má ṣe wàhálà pé o fẹ́ kọ̀wé. Tí Bímbọ́lá bá gbé e sílẹ̀ láìjẹ ẹ́, gbé àwo rẹ, má bá a jiyàn, má sì ránṣẹ́ kankan, màá mọ̀. Tó bá jẹ ẹ́, kó jẹ́ òkèlè kan péré, sọ fún Rufus kó sọ fún mi pé ó jẹ ẹ́.

Èmi náà ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó ń retí,

Agnes.