Ohùn Ta Ló Wà Nínú Kásẹ́ẹ̀tì?

Ọ̀tọ̀-Àwórì,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, 1991.

Ọlábísí ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni Okokomaiko? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ẹni tí kì í tòògbé yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín. Ara tiwa le, orúnkún mi nìkan ló ń ṣàròyé. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ méjì, ìyá rẹ sì ti sọ wọ́n ní Táíwò àti Kẹ́hìndé. Mo ní ewúrẹ́ ni, ó ní ìbejì ni ìbejì ń jẹ́.

Rẹ́díò oníkásẹ́ẹ̀tì tí o rà ní Alaba dé láyọ̀. O ní kí n fi gba ohùn Florence ọmọ rẹ tó bá ń kàwé, pé bí o bá gbọ́ ẹ̀rù nínú ohùn rẹ̀, wàá wá mú un lọ. Mò ń tọ́jú ẹ̀rọ náà. Mo máa ń fi aṣọ bò ó tí a bá ń jẹun, kó má baà gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ń jẹ́ kó sọ̀rọ̀ lójúmọ́, kí ohùn inú rẹ̀ má baà tètè tán.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọ kàwé sí i, a yí i padà, a tẹ́tí. Ọkùnrin kan ló gba gbogbo inú kásẹ́ẹ̀tì, ó ń pariwo pé olódo, tún un kà, àbí ojú rẹ fọ́ ni! Ohùn ọmọ ń kéré sí i títí a ò fi gbọ́ ọ mọ́. Inú bí mi. Mo ní ẹni tó ta rẹ́díò yìí fún ọ kò kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Florence wolẹ̀, ó ní Bàbá àgbà, ẹ̀yin ni.

Ọlábísí, èmi ni. Èmi tí mo fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo rò pé ẹgba ló ń la ojú ìwé. Mo rántí bí o ṣe máa ń gbọ̀n tí o bá di ìwé mú níwájú mi. Mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀wọ́, dárí jì mí.

Láti ọjọ́ náà mo yí ọ̀nà tí mò ń gbà kọ́ ọ padà. Èmi á kọ́kọ́ kà, a ó jọ kà, lẹ́yìn náà òun á dá kà, ojú ewé kan náà nígbà mẹ́rin, mẹ́fà, títí ahọ́n rẹ̀ á fi mọ ọ̀nà. Lọ́jọ́ Ẹtì ó pàdé “Ìyá ra ọkọ̀ tuntun”, ó kà á pé ìyá ra ọkọ tuntun. Mo fẹ́ jágbe, àfi bí ìyá rẹ ṣe béèrè láti ilé ìdáná pé èló ni wọ́n ń tà á, torí tòun ti gbó. A rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Florence fúnra rẹ̀ tún ìwé wò, ó ní ọkọ̀ ni, àmì wà lórí rẹ̀, ló bá ka ìtàn náà délẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀!

Mo fi kásẹ́ẹ̀tì tí a fi gba ìwé kíkà ọjọ́ Ẹtì náà rán Owólabí onímọ́tò sí ọ. Mo kìlọ̀ fún un kó má gbọ̀n ọ́n, kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ má baà dàrú. Gbọ́ ọ kí o tó pinnu. Jọ̀ọ́, fi owó bátìrì àti ti ìwé ìtàn méjì ránṣẹ́: ọmọ ti ka gbogbo tilé tán, páálí oògùn orúnkún mi ló ń kà fún àwọn àlejò báyìí.

Bí o bá wá, kì í ṣe tipátipá o, jókòó tì mí kí o ka ojú ewé kan fún mi, èyí tó bá wù ọ́. Níbi tí o bá ti kọsẹ̀, màá dúró dè ọ́.

Ọmọ rẹ yóò ka ìròyìn ayọ̀ sí ọ létí, wàá sì gbó, wàá tọ́ láti gbọ́ ọ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
J. O. Májẹ́kódùnmí.