Kí N Tó Tẹ “Mo Gbà”

Khairiyyah ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ ní Ìkòyí tí o wà. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ̀fọ́rí tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fún ọ níbi iṣẹ́ di àìsàn. Àwa náà wà dáadáa ní Olówógbowó, orúnkún ìyá rẹ nìkan ni kò fẹ́ gun àtẹ̀gùn mọ́. Ìwé ni mo kọ, mi ò pè ọ́, nítorí fóònù ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, kò sì yẹ kó jókòó tì wá kó máa gbọ́ ẹjọ́ ara rẹ̀.

Mo rí ohun tí o fi ránṣẹ́. O ní ilé iṣẹ́ yín fẹ́ gba ètò tí Mọ̀núrù àbúrò mi ṣe sórí kọ̀ǹpútà, èyí tó máa ń kéde òkú sórí fóònù gbogbo ẹbí, kí ará Ìkòròdú àti ará Lọ́ńdọ̀nù lè tètè gbọ́ kí a tó kírun sí òkú lára. O ní kí èmi olórí ẹbí tẹ “Mo gbà”, pé wọ́n á torí ẹ̀ gbé ọ ga lẹ́nu iṣẹ́. Inú mi dùn débi pé mo wẹ̀, mo wọ agbádá kí n tó mú fóònù.

Ṣùgbọ́n èèyàn kì í dá nìkan ṣe àdéhùn. Mo pe Alájì Jíbrílù ọ̀rẹ́ mi àti Ubaydullah tó háyà yàrá ìsàlẹ̀, kí wọ́n wá ṣe ẹlẹ́rìí. Mo kí fóònù náà, kò dáhùn, mo ní bóyá ojú ló ń tì í. Ìyá rẹ wá ń ka ohun tí wọ́n kọ sókè “Mo gbà” yẹn, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa. A lọ kírun Àlàásárì, a padà wá, kò tíì parí.

Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé ilé iṣẹ́ yín á lè fi orúkọ wa àti ibi tí oníkálukú wa wà fún ẹni tó bá sanwó. Wọ́n tún fi hàn wá bí ìkéde á ṣe máa rí: orúkọ olóògbé lókè, ìrẹsì lábẹ́ rẹ̀, obìnrin kan ń rẹ́rìn-ín nídìí ìkòkò. Ubaydullah bi mí pé ṣé wọ́n á máa gbé ìrẹsì sàráà wá ni. Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀, mo tiẹ̀ ti ń ṣàdúrà fún wọn, àfi ìgbà tí ìyá rẹ ní rárá, títà ni wọ́n ń tà á.

Mo gòkè lọ bá Mọ̀núrù. O mọ̀ pé láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní nígbà tí ìntánẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ dé, bí àgbàlá wa ló rí, oníkálukú á gbé àga tirẹ̀ wá, ẹni tó mọ nǹkan á fi han ẹni tí kò mọ̀. Ní báyìí wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀bù yí àgbàlá ká, bí o bá ti jókòó, wọ́n á bi ọ́ pé kí lo fẹ́ rà. Ó ní òun ò bá òwò jà, ṣùgbọ́n èèyàn lè rán aṣọ fún ọmọ rẹ̀ láìṣí ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Mo bi í pé kí wá ni ká ṣe. Ó ní bó bá máa ran Khairiyyah lọ́wọ́, kí n tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju kó bínú lọ. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé ó lè dí ọ lọ́nà, kò sì dùn mọ́ mi, nítorí mo fẹ́ kí o di ọ̀gá. Bí o bá rí i pé ó tọ́, wá fúnra rẹ, jókòó ti Mọ̀núrù, kí o tẹ̀ ẹ́ lójú rẹ̀. Mi ò ní bínú.

Jọ̀wọ́, fi owó oògùn orúnkún ránṣẹ́, àti owó ilé tí ètò Mọ̀núrù ń gbé lórí ìntánẹ́ẹ̀tì lókè òkun. Ó ní ọdún ti pé, onílé yẹn kì í gba ẹ̀bẹ̀. Mo ní kó kó o wá sí yàrá rẹ tó ṣófo, ó ní kò ṣeé ṣe.

Ọlọ́run á gbé ọ ga níbi tí ojú ò ti ní tì ọ́. Èmi náà ń dàgbà. Lọ́jọ́ tí fóònù rẹ bá dún nítorí tèmi, Khairiyyah, kí ó jẹ́ orúkọ mi nìkan ni wàá bá níbẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.